Ìjàpá Ọkọ Mi Ò Ní Dé Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì

Títí dòní, bí ẹnìkan bá wí létí mi pé, "Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, ẹ sanwó, ẹ sinmi," ńṣe ni ara mi máa ń gbóná. Mi ò bá mẹkáníìkì jà o. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, kí Ọlọ́run bù sí i fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá dùn mọ́, kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá bí nínú, omi tútù wà nínú àmù.

Ajah ni mo ti lọ́kọ. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí mi, ẹja ló gbé mi dé etí omi yẹn, torí ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi. Ajah tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti géètì tí ẹ ń rí lónìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ọ̀dà sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni nígbà náà. Ibi tí wọ́n ń pè ní Lẹ́kkí Phase 1 báyìí, ẹrẹ̀ àti koríko ni, àwọn àkàn ló ń ṣe baálẹ̀ ibẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbé ẹja dé Ọbalende, yálà kí o wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kí o dúró sẹ́bàá títì títí oòrùn á fi yan ìwọ náà pọ̀ mọ́ ẹja ẹ. Èmi kì í dúró. Ọkọ mi ní mọ́tò.

Mọ́tò ìjàpá ni, àwọn tí ẹ̀yìn wọn rí rogodo, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, tí búùtù wọn wà níwájú. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, ṣùgbọ́n oòrùn àti iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ títí ó fi dà bí ewé tó ti ń gbẹ. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ kan ni ọkọ mi l'Ékòó, òyìnbó kan tó ń padà sílùú wọn ló tà á fún un. Lórí iyanrìn etí òkun ló ti kọ́ mi ní wíwà. Mo kọ́kọ́ fi gbá igi àgbọn kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ mi gbé mọ́tò yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bírééki ló ní kí wọ́n bá òun wò. Nígbà tó padà débẹ̀, bírééki ti dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì tuntun tó fi owó àjọ rà ti di ògbólógbòó, jáàkì tó wà nínú búùtù sì ti rìnrìn àjò. "Bó ṣe wá nìyẹn o, ọ̀gá," ni wọ́n sọ fún un. Ọkọ mi ò jà. Ó wálé, ó ra sípánà, ó sì búra pé ẹnikẹ́ni ò tún ní ṣí mọ́tò yẹn níbi tí òun ò bá sí. Láti ìgbà náà, ọ̀sán Sátidé bá a lábẹ́ mọ́tò, èmi ni mò ń na sípánà sí i. "Sẹ́fúntíìn!" á pariwo láti abẹ́. "Tátíìn!" Mo mọ sípánà bí mo ṣe mọ ẹja. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nínú àgbàlá wa, èmi ni mo di ìdí ẹ̀ mú.

Àìsàn tó mú un lọ ò pẹ́ lára ẹ̀. Nígbà tí àwọn Alfa pín ogún ẹ̀, mọ́tò bọ́ sọ́wọ́ èmi àti àwọn ọmọ. Gbogbo ẹbí ló jókòó, gbogbo wọn ló ṣe àmín. Mo ṣe opó mi bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí mo jáde, mo gbá ààrò ẹja mi, mo kó agbọ̀n sínú mọ́tò, mo ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì ké. Mo fi í sí gíà. Ẹ́ńjìnnì tún ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Mo jókòó sínú ẹ̀, mo sì sunkún, torí ohun tó kù tó ń bọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ṣe é. Kílọ́ọ̀ṣì ni, àwo pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Ọkọ mi ti sọ pé ó ti ń jẹ tán kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó tiẹ̀ ti ra tuntun, ó fi bébà dì í, ó sì ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó lè kan àwo yẹn, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ibí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wọlé. Àgbà ni, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, òun náà ló ni àwọ̀n tó tóbi jù létí òkun Ajah. Bí wọ́n bá da àwọ̀n ẹ̀ sómi láàárọ̀, ìdajì ìlú ló máa lọ fà á. Ó gbọ́ pé mọ́tò ò rìn, ó sì mú mẹkáníìkì kan wá. Mẹkáníìkì yẹn ò ṣí nǹkan kan. Ó fi bàtà ta táyà, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké, ó sì mi orí.

"Ẹ́ńjìnnì ti kú," ló wí. "Àfi kí n wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ó pe iye owó iṣẹ́. Mo rò pé mọ́tò mìíràn ló fẹ́ rà fún mi.

"Ẹ́ńjìnnì ò kú," mo wí. "Kílọ́ọ̀ṣì ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Bí mo bá rántí ẹ̀, eyín mi ṣì máa ń wa pọ̀.

"Ìyàwó," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí, ó rọ ohùn ẹ̀ bí ẹni ń tan ọmọdé, "mọ́tò tí ò rìn, ẹrù ni. Obìnrin kí ló fẹ́ fi ẹrù ṣe? Jẹ́ kó gbé e lọ. Bó bá dára, màá máa bá ọ lò ó. Bí ò bá dára, a ó tà á, a ó sì fún ọ ní tìẹ níbẹ̀."

Háà! Àwọn Alfa ti pín in, òun fẹ́ tún un pín! 

"Bọ̀dá," mo wí, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ o, "mọ́tò yìí ò ní dé ṣọ́ọ̀bù ẹnì kankan. Nínú àgbàlá yìí ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á ti jáde, nínú àgbàlá yìí náà ló máa padà wọlé."

"Ta ni yóò yọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ó dáa. Bó bá rìn kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, mi ò tún gbọ́dọ̀ la ẹnu sí i. Bí ò bá rìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mẹkáníìkì á wá wọ́ ọ." Bó ṣe lọ nìyẹn, òun àti ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi, mo fi okùn so ìbàdí ẹ̀, mo rá sábẹ́ mọ́tò. Yéè, ìròyìn ti kan gbogbo Ajah kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin wá ń yọjú lórí ọgbà. "Ṣé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é báyìí?" Mo gbọ́ wọn. Mo fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ níta kí wọ́n rí i dáadáa.

Mo yọ bátìrì. Mo fa rọ́bà epo yọ, mo gé igi tín-ínrín, mo fi dí i. Bóòtù mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì ìjàpá mọ́ ara mọ́tò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ìsàlẹ̀ gbọ́ràn. Méjì òkè, iyọ̀ òkun ti so wọ́n pọ̀. Mo ta kẹrosíìnì sí wọn, mo sinmi, mo fi sípánà kọ́ wọn, mo so ọmọ odó mọ́ ìdí sípánà kó lè gùn sí i, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Mo bú ọkọ mi pé kí ló mú un kú. Mo bẹ̀ ẹ́ padà. Nígbẹ̀yìn, bóòtù kan ké "kéè," ó yí, èkejì sì tẹ̀lé e.

Kí ló wá kù? Ẹ́ńjìnnì ti já, mo ti fi pákó àti àpótí gbé ìdí ẹ̀ ró, ṣùgbọ́n ara mọ́tò ṣì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n àti irin tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè. Èmi ò ní nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, mọ́tò gùn ún lẹ́yìn bí adìyẹ tó sàba, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo ronú, mo sì mú ọ̀nà etí òkun pọ̀n.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọ̀n bá wà nínú òkun, okùn méjì ló máa ń wà létí omi, gbọọrọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan okùn, tó fà á títí àwọ̀n fi gúnlẹ̀, ó ti ní ìpín nínú ohun tó bá jáde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú tàbí àlejò. Èèyàn lè máa kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, kó bá wọn fà, kó sì gbé ẹja lọ. Ẹni tó ni àwọ̀n gan-an ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan kúrò lórí iyanrìn kí wọ́n tó pín in tán. Ìyá àgbà kan ló ń dárin fún wọn, wọ́n ti kọ́ gbogbo wa ní fífà, bí wọn ò bá tíì dákẹ́ orin, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ fi okùn sílẹ̀.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ká okùn. Mo wólẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí. Mo ní nǹkan kan tó wúwo."

"Kí ni ìpín ibẹ̀?" ni wọ́n bi mí. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè nǹkan náà.

"Mọ́tò ni. Ẹni tó bá bá mi gbé e, bó bá ti rìn, màá máa gbé e dé ọjà pẹ̀lú ẹrù ẹ̀."

Ìyá wo ṣòkòtò tí mo wọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tiwọn ò dà bíi ti mẹkáníìkì. "Ẹ dìde," ni wọ́n sọ fún àwọn yòókù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn ya bo àgbàlá mi, ọkùnrin, obìnrin, iyanrìn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ṣàlàyé: kí wọ́n gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè, kí wọ́n tì í síwájú díẹ̀, kó kọjá lórí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìyá gbé orin. Mọ́tò gbéra bí ẹni tó jí! Ẹ̀yìn ẹ̀ gòkè, ó kọjá lórí ẹ́ńjìnnì, mo pariwo, "Ó tó! Ẹ gbé e kalẹ̀!"

Ta ló dá mi lóhùn? Èmi kọ́ ló ń dárin. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe gbé e, wọn kì í sì í gbé ọkọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí omi ò lè dé. Wọ́n ń gbé e lọ tìlù-tìfọn, táyà iwájú ń yí, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, mò ń ké, "Wáyà! Wáyà!" torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mi ò tú wáyà tó so ìtẹ̀sẹ̀ epo mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wáyà fà gbọọrọ, ó sì já, pẹ́ń! Abẹ́ igi àgbọn aládùúgbò ni wọ́n gbé mọ́tò dé kí Ìyá tó pa orin dé.

"Ibí gbẹ," ni wọ́n wí, wọ́n ń nu òógùn.

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, mi ò lè bínú. Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹ́ńjìnnì ọkọ mi tó dá jókòó sínú oòrùn lórí pákó, láìsí mọ́tò lórí ẹ̀.

Mo dojú kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo tú àwo tó ti jẹ, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo mú tuntun jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ihò àárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì ò ní wọ inú gíà mọ́. Ọkọ mi ní irin tó fi ń ṣe é, mi ò rí i. Mo mú igi tí mo fi ń yí ẹja lórí iná, mo fi ọ̀bẹ fá a títí ó fi bá ihò náà mu, mo kì í bọ̀ ọ́, mo de àwo náà, mo fa igi yọ. Ti wáyà tó já ńkọ́? Ìyá àgbà ló bá mi yanjú ìyẹn. Okùn ọ̀rá ni wọ́n mú wá, èyí tó kù nínú èyí tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe. Wọ́n lọ́ ọ ní ìlọ́po, wọ́n ní bó bá lè fa ẹja òkun, ó lè fa epo mọ́tò.

Àwọ̀n ni wọ́n máa fà láàárọ̀ Jímọ̀, torí náà a fi àdéhùn sí i pé bí wọ́n bá ti kírun tán, wọn á padà wá gbé mọ́tò lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ṣáájú wọn dé.

Ó wọ agbádá funfun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, mẹkáníìkì tẹ̀lé e pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù àti okùn. Mẹkáníìkì rí ẹ́ńjìnnì nílẹ̀, ó rí mọ́tò lábẹ́ igi àgbọn, ó di orí mú.

"Ó ti bà á jẹ́ pátápátá! Ẹ ò rí i?"

"Mo sọ, mi ò sọ?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sínú píkọ́ọ̀pù, kí ẹ wọ́ ìyókù."

Mo jókòó lé ẹ́ńjìnnì náà. Mo sọ ọ́ kó yé gbogbo yín: mo fi ìdí lé e, mo na ẹsẹ̀ mi. "Ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn."

"Ìyàwó, má jẹ́ kí n bínú."

"Bọ̀dá, ẹ máa bínú. Èmi ti bínú tán."

Ẹ̀rù ń bà mí o, wallahi. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì yẹn dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò tún ní rí i mọ́, ògbólógbòó kan ni wọ́n máa fi han àwọn ọmọ mi, pé "bó ṣe wá nìyẹn." Mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fọwọ́ mú etí kan nígbà tí ohùn Ìyá àgbà dún láti ẹnu ọgbà.

"Fi sílẹ̀. A ò tíì pín in."

Gbogbo àwọn tó gbé mọ́tò lánàá ló wà lẹ́yìn wọn. Mẹkáníìkì ò mọ ohun tí wọ́n ń wí, àlejò ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó mọ̀ ọ́n.

"Ìyá," ló wí, "mọ́tò nìyí. Kì í ṣe ẹja."

"Ọwọ́ wo la fi gbé e? Ṣé ọwọ́ tí a fi ń fa àwọ̀n ẹ kọ́?" Ìyá ò gbé ohùn sókè. "A ti fọwọ́ kan an, ìpín wa wà nínú ẹ̀, ọmọbìnrin yìí ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Bó o bá gbé e lọ láìpín, máa gbé e lọ. Bí àwọ̀n ẹ bá wọ òkun lọ́la, ìwọ àti mẹkáníìkì ẹ ni kẹ́ ẹ fà á."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò yẹjú. Kò sí. Ó tún apá agbádá ẹ̀ ṣe lórí èjìká, ó sì ní kí mẹkáníìkì fi ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

"Ká wò ó bó bá máa rìn," ló wí.

Wọ́n gbé mọ́tò padà wá. Apá òsì ò tó, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá ké sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kó wá fi ọwọ́ tì í. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mọ́tò náà padà tọ́, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì wọ́ọ́rọ́wọ́, mo rá sábẹ́ ẹ̀, mo de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo so okùn ọ̀rá, mo dá bátìrì padà. Mo jókòó sórí ìjókòó ọkọ mi, mo ní bísímílà, mo ṣáná. Ó ké. Mo fi í sí gíà, mo rọra gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ó rìn! Ó gbé mi jáde lágbàlá, ó gbé mi kọjá lójú mẹkáníìkì, ó gbé mi dé ojú ọ̀dà. Mo sunkún, mo sì ń fọn fèrè pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo padà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti lọ.

Mo san ìpín. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó gbé mọ́tò ni mò ń kó, ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, títí gbogbo wọn fi gùn ún. Iwájú, ti Ìyá àgbà ni, láìsí àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ ọjà kan, lẹ́bàá Igbó Ẹfọ̀n, mo rí ọkùnrin kan tó dúró sínú oòrùn, ó na ọwọ́ sí mọ́tò. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo dúró.

Ìyá yọjú sí i. "Apá ibo lo gbé?" ni wọ́n bi í.

Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ wọlé, Bọ̀dá," mo wí. "Ẹ̀yìn ni ẹ máa jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó kú."

Ó ká agbádá ẹ̀, ó há ara ẹ̀ mọ́ àárín agbọ̀n ẹja. Mo tẹ epo, okùn àwọ̀n tiẹ̀ ló sì fà á, títí a fi dé Ọbalende.